Ẹ̀rù Kì Í Gbé Ojú-Ìwé Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Wọ́n ṣe ojú òsì màmá mi lónìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n tì wọ́n wọlé, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tì wọ́n jáde. Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ṣí. Dókítà ṣàlàyé títí, màmá mi ní, "Ó ti yé mi. Aṣọ inú kóòtù ló tú kúrò lára tìta." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ojú náà kó lè ti awọ yẹn padà sí àyè rẹ̀. Nítorí afẹ́fẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n máa fi dojú bolẹ̀, bí wọ́n ń sùn, bí wọn ò sùn. Ojú méjèèjì ni wọ́n fi báńdéèjì dì, kí ti ọ̀tún má baà máa yí kiri kó sì máa yọ ti òsì lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀dì náà ní ihò níbi orí, inú ihò yẹn ni ojú wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó gbójú sókè bí ẹni ń wo àjà.

Mo bi wọ́n pé kí ni kí n mú wá lọ́la. Mo rò pé wọ́n máa ní ọṣẹ, tàbí aṣọ ìbora.

"Ilé Alátẹ̀gùn ti jáde àbí kò tíì jáde?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Bàbá Oníwèé ti fowó lé ìwé aláwòrán. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, bébà ló wọ́n. Mo ra méjì: Ilé Alátẹ̀gùn ẹ̀dà kẹtàdínlógún, Afàyàrán ẹ̀dà kọkànlélógójì. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án: màmá mi ló ni ìwé ẹ̀rù, èmi ni mo ni ti akọni.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ka kẹtàdínlógún sókè sí wọn. Ọ̀rọ̀ nìkan kò tó, àfi kí n sọ àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ilé yẹn ń fi àtẹ̀gùn kan kún ara rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì ń lọ. Opó tó ń wá ọmọ rẹ̀ ti dé orí kẹtàdínlógún báyìí. Èrò tèmi: ó dára ju ẹ̀dà tó ṣáájú lọ. Ojú-ìwé mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò fi sọ nǹkan kan, iná fìtílà nìkan ló ń kéré sí i láti àwòrán dé àwòrán. Ayàwòrán tí kò bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́ràn. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣòro láti kà fún ẹni tí wọ́n dì lójú.

Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kọkàndínlógún, opó náà ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Màmá mi di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Dúró. Má tíì ṣí i."

Mo dúró.

"Ó dáa. Ṣí i."

Mo ṣí i. Ọwọ́ mẹ́rin ló yọ lára ògiri. Màmá mi mí kanlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sínú ihò yẹn, inú mi dùn.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ṣì máa ń kàwé lábẹ́ tábìlì ìránṣọ. Ẹ̀rù kì í gbé ojú-ìwé ọ̀tún, torí ojú á ti rí i kí èèyàn tó kà dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń sá sí. Ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni ìbéèrè máa ń wà. O ṣí i, ọwọ́ òsì á dá ọ lóhùn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ń jò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yunifọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nílẹ̀, mo parí mẹ́rin. Ihò bọ́tìnnì mi wọ́ bí ẹnu arúgbó.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ka Afàyàrán kọkànlélógójì fún wọn lónìí nítorí pé kẹtàdínlógún ti tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ń gbọ́. Ojú kan ni wọ́n dì fún wọn, ojú kejì ṣì ń rí gbogbo ohun tí kò kàn wọ́n.

Èrò mi kò dára. Afàyàrán ni ẹni tó ń fi àyà gba ọgbẹ́ tó yẹ kó ba ẹlòmíràn, ọgbẹ́ náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti wá gbé e fún òǹkọ̀wé tuntun, ó sì ti sọ ọ́ di ẹni tó lè ju ọgbẹ́ rẹ̀ lu ọ̀tá. Akọni tó bá ń ju ọgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe akọni mọ́, ó ti di oníṣòwò ọgbẹ́. Àwọ̀ inú rẹ̀ tún ti pọ̀ jù. Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú-ìwé kọkànlá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Aṣọ wo ló wọ̀?" màmá mi bi mí.

"Búlúù, mà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ibo ni ojú rírán ẹ̀ wà?"

"Kò sí."

"Kò sí síìpù?"

"Kò sí."

"Kò sí bọ́tìnnì kan?"

"Kò sí, mà."

"Báwo ló ṣe ń wọ̀ ọ́? Ṣé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún lára ni?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀," Ìyá Oníbúrẹ́dì ní. "Ẹ bi í bó ṣe ń tọ̀."

Nọ́ọ̀sì àgbà ní láti wá pa wá lẹ́nu mọ́. "Ẹ̀yin ìyá, wọ́ọ̀dù lèyí o!"

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n tú báńdéèjì lónìí, wọ́n fi iná wo inú ojú, wọ́n tún di méjèèjì padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún màmá mi pé afẹ́fẹ́ inú ojú òsì kò ní jẹ́ kó ríran fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà kò ya wọ́n lẹ́nu pé wọn ò fi rí nǹkan kan.

Dókítà pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìfọwọ́ tó ń kán tó-tó-tó. Ó ní awọ náà kò lẹ̀. Ojú òsì ti lọ. Ó tún ní ti ọ̀tún ti ya díẹ̀ létí, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ó sì lè ṣí lọ́la. Tí wọ́n bá rán nǹkan bí ìgbànú kékeré mọ́ ọn lára, ó lè dì í mú. Ó tún lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ga, àfi kó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kí n sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́."

Wọ́n ti gba màmá mi láyè láti jókòó. Mo ṣì lọ jókòó sílẹ̀, ó ti mọ́ mi lára. Wọ́n ní, "Kí ni dókítà wí?"

Mo ní, "Ó ní ó ń lọ dáadáa. Kí ẹ̀jẹ̀ yín kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè fún ti ọ̀tún lókun."

Mi ò mọ ibi tí "fún lókun" ti wá. Ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mi ò sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Kejìdínlógún ti jáde. Mo kà á lórí ìdúró níwájú Bàbá Oníwèé, ohun tí mi ò ṣe rí. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kọkàndínlógún, opó náà bá ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀yìn sí i. Ó ní, "Yíjú sí mi." Mo ṣí i. Odindi ojú-ìwé ogún, ojú ọmọ náà ni. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Òun ni ojú-ìwé tó dára jù tí mo rí láti ọdún yìí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí igbe. Èèyàn lè ka ojú òwú náà: mọ́kànlá lápá òsì, mẹ́sàn-án lápá ọ̀tún. Mo sanwó rẹ̀, mo gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka ìyẹn fún ìyá tí wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kan ẹyinjú rẹ̀?

Mo kà á dé kọkàndínlógún.

"Dúró," màmá mi wí. Mo dúró. "Ó dáa. Ṣí i."

Mo ṣí i.

"Ọmọ náà yíjú," mo ní. "Ó rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Hùn," ni wọ́n wí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ìwé náà láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá kọjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 19

Bọ́tìnnì mẹ́tàlélógójì. Orí fífọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Afàyàrán kejìlélógójì. Igi àjà fẹ́ wó lu gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan, Afàyàrán fi àyà gbà á, èjìká rẹ̀ fọ́. Dípò kí bàbá náà dúpẹ́, ó gbá a létí. Ó ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́? Tèmi ni. Ǹ bá mọ bí mo ṣe máa gbé e." Òǹkọ̀wé yìí ti kúrò nídìí ìtàn, ó ti ń wàásù. Mo fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìka mẹ́fà ti tún wà níbẹ̀.

Màmá mi ní gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn gbọ́n.

Nígbà tí mo lọ fọ ife, Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ògiri.

"Adákẹ́, ojú kan ni mo ní, mi ò sọ fún ẹ pé kò ríran."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mi ò ní sọ. Àmọ́ iṣẹ́ mi ni mo mọ̀. Búrẹ́dì téèyàn bá yọ nínú ààrò kó tó jinná, bó bá dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kì í wú mọ́. Ó máa le ni."

Ọjọ́ Ajé, 24

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà mú ìwé wá ní aago mẹ́rin kọjá, ó kà á fún wọn: iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Rírán ìgbànú mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó bọ́ sí i, ó ṣeé ṣe kó má bọ́ sí i. Ó fi báírò sí wọn lọ́wọ́, ó fi ìka wọn sí ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí.

Màmá mi ní, "Kò kúkú burú. Bí èyí ò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, mo ṣì ní ti òsì. Àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Báírò náà ti kan bébà. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Adákẹ́. Ẹ̀dà kejìdínlógún. Kí ló wà lójú-ìwé ogún?"

"Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, mà."

"Ẹ̀dà mẹ́tàdínlógún la ti kà, ìwé yẹn ò já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ wo ni ẹ̀rín di ẹ̀rù? O ṣí ìwé, o ò mí. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí o tó mí, o wá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo bi ọ́ pé kí ni dókítà wí, bẹ́ẹ̀ lo ṣe. Ní báyìí tí mo ní 'àbí', bẹ́ẹ̀ náà lo tún ṣe. Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Ṣí i."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo wo ihò orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò sí ojú níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ojú òsì ti lọ, mà. Kò lẹ̀."

Wọn ò sunkún. Nọ́ọ̀sì àgbà di apá wọn mú bí ẹni fẹ́ ka ìlù ọkàn wọn, wọ́n yọ apá náà jẹ́jẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹtàlá."

"Ọjọ́ mọ́kànlá lo dá gbé e. Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Wọ́n ti bébà náà padà sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i báyìí," wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ohun tí mo rò pé mo fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ fi ta á." Lẹ́yìn náà wọ́n yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. "Ojú-ìwé ogún ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ òwú náà, mọ́kànlá òsì, mẹ́sàn-án ọ̀tún.

"Òwú tó nípọn ni?"

"Ó nípọn, mà."

"Ó ṣe dọ́gbadọ́gba?"

"Rárá. Ó rí jágajàga."

"Iṣẹ́ ọmọ kọ́ṣẹ́ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi irú òwú yẹn rán awọ." Wọ́n fi ọwọ́ kan báńdéèjì wọn. "Ó dáa gan-an ni. Ìkà ni ayàwòrán yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "mo ń jẹun lọ́wọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹni tó ní ojú kan tó wá ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí aṣọ òkú, ó ti fọ́jú náà nìyẹn. Wọn ò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n kàn ní kí n má jókòó sílẹ̀ mọ́, kí n wá jókòó síbi tí àwọn ti lè gbọ́ èémí mi.

Mo tún Afàyàrán kejìlélógójì kà nínú ọkọ̀. Mo ti sọ mẹ́ta yẹn di méje. Ìka mẹ́fà ṣì ni ìka mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 27

Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀tún. Dókítà kò ṣèlérí nǹkan kan, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Ojú náà di dídì títí di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Wọ́n kọ "Ẹ̀dà Ìparí" sí iwájú Ilé Alátẹ̀gùn kọkàndínlógún. Bàbá Oníwèé fẹ́ máa sọ bó ṣe parí, mo fi ọwọ́ méjèèjì dí etí, àwọn tó wà lójú pópó ń wò mí.

Màmá mi ní, "Má kà á. Èmi ni màá ṣí i."

"Bí ẹ ò bá wá..."

"Bí mi ò bá rí i, wàá kà á fún mi. Bó ṣe wà o."

Mo gbé e sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì. Láti àárọ̀ ló ti dà bíi pé nǹkan ń mí lábẹ́ aṣọ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Mo ti parí yunifọ́ọ̀mù méjìdínlógójì. Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ sílé lónìí. Wọ́n ní bí opó yẹn bá kú, kí n má sọ fún àwọn. Bí kò bá kú, kí n sáré wá.

Ọjọ́ Ajé, 7

Aago mẹ́wàá. Dókítà fúnra rẹ̀ ló tú u. Ojú náà wú, ó pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó ní, "Mélòó nìyí, mà?"

Màmá mi ní, "Ẹ gbé ìka yín kúrò ńbẹ̀. Adákẹ́, ìwé mi dà?"

Wọ́n fi àtàǹpàkò ka bébà láti iwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ka etí aṣọ, wọ́n ṣí i sí ibi tí wọ́n fẹ́: ojú-ìwé kejìdínlógún àti kọkàndínlógún. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn.

Mo ní, "Kí lẹ rí, mà?"

"Dúdú."

"Lápá wo?"

"Dúdú ni. Gbogbo ẹ̀."

Dókítà wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo na ọrùn wo ìwé náà. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi. Dúdú ni. Dúdú ni wọ́n yà á, láti etí dé etí, ojú-ìwé méjèèjì. Fìtílà opó náà ti kú.

"Dúdú ni, mà," mo ní. "Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn."

"Kí ni mo ti ń wí?"

Wọ́n ti mú etí bébà náà dání. Èmi ni mo sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Ẹ dúró. Ẹ má tíì ṣí i."

Wọ́n dúró.

"Ó dáa, mà. Ẹ ṣí i."

Wọ́n ṣí i. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́ ọn.

"Ẹsẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ kan. Ó kéré. Kò wọ bàtà." Wọ́n yí ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀. "Ṣé ó ń gòkè bọ̀ ni, àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀? Mi ò rí ìyẹn."

"Ó ń gòkè bọ̀, mà."

Wọ́n yí etí sí mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

"Ó dáa," wọ́n ní.

Dókítà ní ibi tó máa dé nìyí, tí Ọlọ́run bá ṣe é: ohun ńlá, ohun tó sún mọ́, ìmọ́lẹ̀. Màmá mi na ọwọ́ sí kọ́là aṣọ mi, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń wà níbẹ̀, wọ́n gbé e sí iwájú fèrèsé, wọ́n wá ihò rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà sí kọ́là mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa kó má baà gún mi.

Yunifọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ṣì di ìwé náà mú, wọ́n ń ṣí ojú-ìwé yẹn síwá, wọ́n ń ṣí i sẹ́yìn.

"Wọn ì bá má ti ya ẹsẹ̀ yẹn," wọ́n ní. "Dúdú yẹn ti tó."

Mi ò gbà. Mo sọ fún wọn pé mi ò gbà, a sì jiyàn dé ẹnu géètì. Mo kọ ọ́ síbí: ẹ̀dà ìparí, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, nítorí ẹsẹ̀ yẹn.